Álẹ́fì, Bẹ́tì, àti Ẹgba Méjìlá

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ajue, ọjọ́ Ẹtì ni iṣẹ́ máa ń pọ̀ jù nílé wa. Kí oòrùn tó wọ̀, a ó ti pọnmi kún ìkòkò, ìyá mi á ti ro pupuru, á ti se ọbẹ̀ ẹja gbígbẹ sílẹ̀, torí a kì í dáná lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Bàbá mi gbà pé ọmọ Júù làwọn baba ńlá wa, pé ilẹ̀ Ísírẹ́lì ni wọ́n ti rìn wá. Àwọn ọmọ àdúgbò tí wọ́n ń lọ sílé àdúrà Aládùúrà máa ń pè wá ní ajẹ-pupuru-tútù. Wọn ò mọ̀ pé ọbẹ̀ àná ló ń dùn jù.

Láàárọ̀ Àbámẹ́ta, ọjọ́ ìsinmi wa, Bàbá á tẹ́ ẹní sábẹ́ igi máńgòrò, á ṣí ìwé Hébérù àtijọ́ tí bàbá tirẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Kíkà nìkan là ń kà lọ́jọ́ náà, torí iṣẹ́ ni kíkọ. Ó di ọjọ́ kejì ká tó fi èédú kọ àwọn lẹ́tà rẹ̀ sára pákó, láti ọwọ́ ọ̀tún wá sí òsì. Bí o bá ṣì í kọ, á fi ìka tí iṣẹ́ oko kòkó ti sọ di líle kàn ọ́ níwájú orí: “Ọmọ tí ò mọ ibi tó ti wá, ta ni yóò júwe ilé fún un?” Àbúrò mi ọkùnrin, Dáfídì, ló já fáfá jù. Ohun tí mo fi oṣù kan kọ́, ọ̀sẹ̀ kan ló fi ń mọ̀ ọ́n.

Mo wà ní kíláàsì karùn-ún nígbà tí tíṣà wa rí lẹ́tà Hébérù tí mo kọ sẹ́yìn ìwé mi. Mo ní bàbá mi ló kọ́ mi. Ó ní irọ́ ni, ìwé ẹgbẹ́ òkùnkùn ni. Lójú gbogbo ilé ìwé ló ti fà á ya, tó ní kí ọmọ méjì dì mí mú, tó sì nà mí lẹ́gba méjìlá. Dáfídì wà lórí ìlà àwọn ọmọ kíláàsì kejì, ó ń wò mí. Ó tọ̀ sára.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá gbé Bíbélì Yorùbá wá sílé ìwé, ó ṣí Sáàmù ọgọ́fà ó dín ọ̀kan.

“Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka àkọlé yìí fún mi.”

Tíṣà kà á: “Álẹ́fì.”

“Lẹ́tà Hébérù àkọ́kọ́ nìyẹn. Òun lọmọ mi kọ.”

Ọ̀gá ilé ìwé rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá, ẹ máa lọ sóko yín. Gẹ̀ẹ́sì lọmọ yín nílò.” Ẹnikẹ́ni ò sọ pé pẹ̀lẹ́. Kò sí ẹnìkan ṣoṣo!

Ẹgba jinná. Àmọ́ Dáfídì ò jókòó sórí ẹní yẹn mọ́ láé. Bí Bàbá bá pè é, á sá wọlé, títí Bàbá fi yé pè é. Nígbà tí a sin Bàbá, ọmọkùnrin ló yẹ kó ka àdúrà lédè Hébérù. Dáfídì, géńdé onírùngbọ̀n, dúró létí sàréè, kò rántí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ mọ́. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mò ń pe àdúrà náà, ó ń tẹ̀lé mi lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń bí mi nínú dòní.

Ẹ wo ìlú Ore tí mò ń gbé báyìí. “Ṣálọ́mù”, ìkíni Hébérù, ló wà lára ọ̀kadà àti bọ́ọ̀sì. Ẹni bá lọ sí Jerúsálẹ́mù, oyè ló fi ń jẹ bó bá dé. Síbẹ̀, lóṣù tó kọjá, tíṣà ọmọ mi rí Hébérù tí mo kọ́ ọ nínú ìwé rẹ̀, ó sì ránṣẹ́ pè mí.

“Màmá, ẹ sọ fún un kó yé kọ nǹkan yìí. Ó ń dẹ́rù ba àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.”

Nígbà tiwa, àwọn òbí wa máa ń bẹ tíṣà ni. Èmi ò bẹ̀ ẹ́. Mo ní, “Àǹtí, ẹ jókòó, ọmọ náà á kọ́ ẹ̀yin náà.”

Kò jókòó. Ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan ọmọ mi.