Fẹ̀hìntọlá Tó Ń Pe Gbogbo Ayé Wá Wo Ọdún

Fẹ̀hìntọlá ń ta obì ní ìdíkọ̀ rélùwéè Òṣogbo. Ará Ìwàrà ni, lẹ́bàá Iléṣà, ṣùgbọ́n àdúgbò Igbona ní Òṣogbo ló gba yàrá sí. Ó ti kú báyìí, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ ní Igbona, ọjọ́ tí lọ́rì àwọn ará Ìwàrà dé ni yóò kọ́kọ́ sọ.

Ọdún 1953 ni. Lọ́rì náà dúró níwájú ilé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Àwọn ọkùnrin tó sọ̀ kalẹ̀ wọ agbádá, àwọn obìnrin wé gèlè. Ògúnjìnmí, ẹ̀gbọ́n Fẹ̀hìntọlá, ló jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà. Rẹ̀mílẹ́kún, àbúrò bàbá wọn obìnrin, gbé àga tirẹ̀ dání láti Ìwàrà. Wọ́n ti sọ fún un pé èrò ọdún Ọ̀ṣun pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àga kò fi ní í kárí.

Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. Kò sí èrò. Àwọn ọkùnrin Igbona ni wọ́n rí, nínú aṣọ iṣẹ́, tí wọ́n gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, tí wọ́n ń lọ.

“Àwọn wo nìyẹn?” Ògúnjìnmí béèrè.

“Àwọn ọlọ́dún ni,” Fẹ̀hìntọlá dáhùn.

“Ọlọ́dún ló gbé ọkọ́?”

“Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn.”

Kò purọ́. Òun náà kò mọ̀ ni. Láti ìgbà tó ti ń pe èèyàn wá wo ọdún Ọ̀ṣun, kò wò ó rí. Bí ọdún bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn abúlé Ìjẹ̀ṣà ló máa ń wà, níbi tó ti ń sọ fún wọn bó ṣe dùn tó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò le. Akéde ní ọdún máa bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Fẹ̀hìntọlá gbọ́ ọjọ́ Ajé, ó wọ ọkọ̀, ó lọ sọ ọ́ ní Ìwàrà. Ní Ìwàrà, bí ọdún iṣu bá bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, yóò parí lálẹ́. Ti Òṣogbo kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ọdún bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà ni àdúgbò ń ro. Ọjọ́ ńlá, tí gbogbo ìlú ń lọ sódò, di ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kejì. Ẹnikẹ́ni ní Igbona ì bá sọ fún un. Ṣùgbọ́n ta ni alápolówó ọdún fẹ́ bi léèrè ọdún?

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré fún un. Bàbá wọn ti kú, oko obì àti kòkó sì pọ̀ ju agbára ẹnì kan lọ. Ògúnjìnmí fẹ́ kí àbúrò òun padà wálé. Ó ti sọ fún un pé, “Màá wá wo Òṣogbo tó ò ń pariwo rẹ̀ yìí. Bí mo bá dé ibẹ̀ tí mi ò rí nǹkan gidi, wàá di ẹrù rẹ, wàá tẹ̀ lé mi lọ sí ulé.” Fẹ̀hìntọlá gbà. Ó fẹ́ràn Òṣogbo ju oúnjẹ lọ. Òun ló wá mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé síwájú àwọn ọlọ́kọ́.

Wọ́n tẹ̀ lé àwọn ọlọ́kọ́ náà dé ojú ọ̀nà. Ayọ̀délé, olórí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò, wo agbádá wọn látòkè délẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀ o. Kí lẹ bá wá?”

“Ọdún la bá wá,” Ògúnjìnmí wí.

“Ẹ ṣeun. Ọkọ́ yín dà?”

Ògúnjìnmí yíjú sí àbúrò rẹ̀. “O ò sọ fún wa pé ká mú ọkọ́ wá.”

“Mo gbàgbé ni, ẹ̀gbọ́n mi.”

Wọ́n dúró, wọ́n ń wò. Nínú àwọn ọlọ́kọ́ náà, téló ni ẹni yìí, akọ̀wé rélùwéè ni ẹni yẹn. Wọ́n ń fi ọkọ́ ha ilẹ̀ bí ẹni ń ha ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ògúnjìnmí fara dà á díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bọ́ agbádá, ó gbé e fún dẹ́rẹ́bà.

“Gbé ọkọ́ yẹn wá,” ó sọ fún akọ̀wé rélùwéè. “Ta ló fi oko ríro hàn ọ́?”

“Ẹnikẹ́ni ò fi hàn mí, bàbá.”

“Ó hàn bẹ́ẹ̀.”

Bí ó ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ọkùnrin Ìwàrà tó kù bọ́ agbádá. Wọ́n gba ọkọ́ lọ́wọ́ àwọn ará Igbona lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ará Igbona sì lọ jókòó sábẹ́ igi. Rẹ̀mílẹ́kún gbé àga rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó tún gèlè ṣe, ó ń pàtẹ́wọ́. Bí ẹnì kan bá dẹ ọwọ́, á ní, “Ìwọ yẹn, ṣọdún.” Òun nìkan ló jókòó wòran bí a ṣe ń wòran ọdún.

Wọ́n ro ọ̀nà náà tán. Wọ́n ro ó kọjá ibi tó parí sí. Sànúsí, ọmọ àdúgbò, ní oko ẹ̀gẹ́ níbẹ̀. Ó ń sáré bọ̀, ó ń ké pé kí wọ́n dúró. Àwọn ará Ìwàrà rò pé ó wà lára ọdún, wọ́n bá a gbè é bí orin.

Nírọ̀lẹ́, Àgbékẹ́ aláró, tó ń gbé yàrá kejì sí ti Fẹ̀hìntọlá, gún iyán fún wọn.

“Uṣu wo lẹ fi gún un?” Ògúnjìnmí béèrè.

“Iṣu Òṣogbo ni, bàbá.”

“Ó gbìyànjú.” Ó jẹ ẹ́ tán, ó fọwọ́. “Ọdún yín dára. Iṣẹ́ ló wà ńbẹ̀. N kò rí ọdún tó ní láárí tó báyìí rí.”

Àgbékẹ́ kò mọ àdéhùn kankan. Ó ní, “Ha, bàbá, ọdún kọ́ nìyẹn. Ọ̀nà la ro. Ọdún gan-an di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.”

Fẹ̀hìntọlá dìde, ó wọ yàrá lọ. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa wọlé bá a, ó ti ká ẹní, ó ń di aṣọ.

“Kí lò ń dì?”

“Ẹrù mi ni. Ẹ wá, ẹ ò rí nǹkan gidi.”

“Kí la jọ sọ? Mo ní màá wo ọdún, màá wá dájọ́. Ṣé mo ti wò ó?”

“Ẹ ò tíì wò ó.”

“Kí wá ni màá fi dájọ́? Tú ẹrù yẹn. Ó di àmọ́dún.”

Báyìí ni wọ́n ṣe lọ. Fẹ̀hìntọlá sì di ẹni tó ní ọdún kan láti fi tún ìlú ṣe kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó dé. Ojú Òṣogbo rí nǹkan.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìdíkọ̀. Tísà kan láti Ọ̀fà ń lọ sí Ìbàdàn, ó sọ̀ kalẹ̀ láti ra obì. Fẹ̀hìntọlá bi í bóyá ó ti rí ibi tí wọ́n ti ń rẹ aró rí. Ó ní òun kò rí i rí. Fẹ̀hìntọlá gbá a lọ́wọ́ mú, ó di ọ̀dọ̀ Àgbékẹ́. Wọ́n ń wo aró lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ̀ fọn fèrè.

“Ṣé kì í ṣe tèmi nìyẹn?” tísà béèrè.

“Ti ẹrù ni,” Fẹ̀hìntọlá wí.

Ẹrù tísà dé Ìbàdàn láìsí tísà. Orí ẹní Fẹ̀hìntọlá ni tísà sùn. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, tísà náà padà wá fúnra rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi ìyókù ìlú han òun.

Lẹ́yìn náà Fẹ̀hìntọlá kan pákó mọ́ òpó, ó ya ọwọ́ sí i, ìka ọwọ́ náà nà sí ọ̀nà odò. Ó rì í mọ́lẹ̀ ní oríta, kí àlejò má baà ṣìnà. Ewúrẹ́ àdúgbò fẹ́ràn òpó náà, wọ́n ń fara họ ọ́. Nígbà tí àwọn àlejò kan dé láti Iléṣà, ìka náà ti yí sí ilé Sànúsí, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìkómọ. Àwọn àlejò wọlé. Sànúsí ní àlùbáríkà ni àlejò, kí wọ́n jókòó. Wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n padà lọ sí Iléṣà. Wọ́n ń sọ fáyé gbọ́ pé ọdún Ọ̀ṣun dára, pé àgbò pọ̀, pé àwọn àlùfáà tó wà níbẹ̀ mọ àdúrà gbà.

Sànúsí wá bá Fẹ̀hìntọlá. “Ẹ̀gẹ́ mi lo kọ́kọ́ fi ṣọdún, o tún wá fi àgbò mi ṣe é.”

“Wọ́n gbádùn rẹ̀,” Fẹ̀hìntọlá wí. “Ṣé ẹ tún máa bímọ lámọ́dún?”

Nígbà tí àmọ́dún pé, ó lọ sí Ìwàrà, ó sọ ọjọ́ Ẹtì fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́rì dé lọ́jọ́ Ajé. Kò sẹ́ni tó wọ agbádá lọ́tẹ̀ yìí. Kálukú mú ọkọ́ rẹ̀ dání. Wọ́n ro ọ̀nà, wọ́n jẹ iyán, wọ́n sùn. Lọ́jọ́ kejì Ògúnjìnmí ní òun ń lọ.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ọdún ò tíì dé.”

“Mo mọ̀. Obì wà nílẹ̀ tí a ò tíì kó. Bá mi ká lọ, kí o wá kó ìpín tìrẹ.”

Fẹ̀hìntọlá tẹ̀ lé e. Ó lo ọ̀sẹ̀ méjì lóko. Ìgbà tó padà dé, ọdún ti kọjá.

Bó ṣe ń rí lọ́dọọdún nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà kò yé ẹnikẹ́ni ní Igbona. Èèyàn ń wá láti ọ̀nà jíjìn wá wo ọdún nítorí Fẹ̀hìntọlá. Fẹ̀hìntọlá kì í sí ńlé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í dúró. Lọ́dún kan Àgbékẹ́ bi Ògúnjìnmí.

“Bàbá Ìwàrà, ẹ̀ ń bá wa ro ọ̀nà, ẹ kì í rìn ín. Kí ló dé?”

Ògúnjìnmí jẹ obì ẹnu rẹ̀ tán kó tó dáhùn.

“Bí mo bá wò ó, mo gbọ́dọ̀ dájọ́.”

“Ẹ dájọ́ pé ó dára.”

“Bí kò bá dára ńkọ́? Èmi ò lè purọ́. Ṣé kí n wá lé ọmọ yẹn kúrò níbi tó ń gbé?”

Àgbékẹ́ lọ gún iyán rẹ̀.

Lọ́dún 1959, lọ́rì dé lọ́jọ́ Ajé, Ògúnjìnmí kò sí nínú rẹ̀. Wọ́n ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọṣẹ́, kò lè gun ọkọ̀ mọ́. Ó ní kí Fẹ̀hìntọlá má tẹ̀ lé wọn padà lọ́tẹ̀ yìí. Kó dúró wo ọdún. Ohun tí ojú rẹ̀ bá rí, kó fi dájọ́ fún àwọn méjèèjì.

Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kejì pé. Ìgboro kún. Ọkọ̀ ojú irin ń já èrò sílẹ̀ láti Ọ̀fà, lọ́rì ń já èrò sílẹ̀ láti Iléṣà. Fẹ̀hìntọlá wẹ̀, ó múra, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Àgbékẹ́ jáde pẹ̀lú aṣọ aró tuntun lára.

“Olóbì, ẹ dìde ká lọ. Ọjọ́ yín lòní.”

“Bí mo bá lọ wò ó, kí ni màá sọ fún un?”

“Ẹ sọ pé ó dára.”

“Mo mọ̀ pé ó dára. Bí mo bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ẹjọ́ tán nìyẹn.” Ó wo èrò tó ń kọjá. “Kí ni yóò tún máa retí?”

“Ṣé kò ti ní ẹsẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́?”

“Ẹsẹ̀ lè tún san. Èmi tiẹ̀ tún ni mo máa kó obì ọdún yìí.”

Fẹ̀hìntọlá dìde. Ó gbé fìlà lé orí, ó mú ọkọ́ tó fi ti ògiri, ó dojú kọ gáréèjì Iléṣà. Gbogbo ayé ń bọ̀ wá sódò. Òun nìkan ló ń lọ, ó ń yà fún wọn, ó sì ń kí wọn káàbọ̀.