Èlùbọ́ Tí Mo Dà Nù

Ní àwọn ọdún 1980, ní Houston, àwọn àbúrò mi obìnrin méjì tí mò ń bọ́ kọ̀ láti fọ abọ́. Wọ́n ní èmi kọ́ ni ìyá àwọn.

Mò ń kàwé ìdánwò lọ́wọ́, nípa ọba àtijọ́ kan tó fogun gba England. Nígbà tí àwọn ará àríwá ibẹ̀ ṣọ̀tẹ̀, oúnjẹ wọn ló dáná sun, ó sì kọ́ ilé odi tì wọ́n.

Mo dìde. Mo da èlùbọ́ tí Màámi fi ránṣẹ́ láti ilé sínú garawa ìdọ̀tí lójú wọn. Èyí tó kéré nínú wọn ń sunkún, ó ń bẹ̀ mí. Mo fi àgádágodo ti kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ.

Wọ́n fọ abọ́.

Èyí tó sunkún lọ́jọ́ náà ti bímọ mẹ́ta báyìí. Tó bá wá kí mi, kódà bí ebi ń pa á, kì í ṣí fíríìjì mi láìgbàṣẹ. Mo máa ń jẹ́ kó bèèrè.