Ẹ̀dọ̀ Télọ̀ Nínú Mẹkáníìkì

Ṣíọ̀! Tí ẹ bá fẹ́ rí ẹni tí ọ̀rọ̀ ń gba etí ọ̀tún rẹ̀ wọlé tó ń gba tòsì jáde, ẹ wá wo mẹkáníìkì kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Ẹ́ńjìnnì. Tí ọkọ̀ bá ń bọ̀ láti ìkóríta, ìró rẹ̀ lásán ni yóò gbọ́ tí yóò fi sọ ohun tó ń ṣe é. Ara tirẹ̀ ló ń ké gbàjarè tí kò gbọ́.

Àwọn ọ̀nà tín-ín-rín tí òróòro ń gbà jáde nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń dí díẹ̀díẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Òróòro wá há sínú ẹ̀dọ̀, ó sì bà á jẹ́. Ẹyinjú rẹ̀ di yẹ́lò, ara ń yún un débi tó fi ń fi sípánà họ ẹ̀yìn. Dókítà ní àfi kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀dọ̀. Nínú gbogbo ẹbí, àbúrò rẹ̀ obìnrin, télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní òdìkejì títì, ló ní kí wọ́n la òun, kí wọ́n gé lára tòun fún un. Àwọn yòókù fi àdúrà ránṣẹ́.

Iṣẹ́ abẹ yọrí sí rere. Dókítà ò sì purọ́ fún wọn: ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń pẹ́ láyé lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n àìsàn náà lè padà wá, oògùn tí kò ní jẹ́ kí ara kọ ẹ̀dọ̀ àlejò sì di títí ayé.

Ẹ wá gbọ́ ìwà agọ̀. Tí mẹkáníìkì bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, á ní kí wọ́n rọra máa wa ọkọ̀ náà fúngbà díẹ̀, kí irin fi mọ ara wọn. Tó bá yá, kó máa sá eré tó bá wù ú. Ọ̀gá ní bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀dọ̀. Nígbà tí ara ò yún un mọ́, tó ń jẹun àjẹyó, ó kó oògùn jù sí ìsàlẹ̀ àpótí irinṣẹ́.

"Ẹ́ńjìnnì ti mọ́lé!" Á ká ṣẹ́ẹ̀tì sókè, á máa fi àpá rẹ̀ yangàn fáwọn oníbàárà. Télọ̀ náà ní àpá tirẹ̀, kò sẹ́ni tó bèèrè.

Lọ́jọ́ tí Ọ̀gá wá gba ṣòkòtò tó ní kí télọ̀ rán, télọ̀ rí i pé ẹyinjú rẹ̀ tún ti di yẹ́lò.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé ẹ ń lo oògùn yín?"

"Oògùn kẹ̀? Ṣé ẹni tára ẹ̀ ti yá ló ń lo oògùn?"

Ó wá ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń họ apá. Inú bí télọ̀. Ẹran ara òun ni ọkùnrin yìí ń fi ṣeré! Òun àtọmọ rẹ̀ obìnrin wọ́ ọ lọ sílé ìwòsàn.

Ara ti ń kọ ẹ̀dọ̀ náà lóòótọ́. Dókítà ní oògùn tó lágbára lè gbà á là, tó bá máa lò ó. Tí kò bá lò ó, ikú ni.

Ọ̀gá ò jẹ́ kó sọ tán. Ó yíjú sí ọmọ télọ̀, ó wò ó látòkè délẹ̀. "Ìwọ, ṣé ẹ̀jẹ̀ tìẹ bá tèmi mu? Ó yẹ kéèyàn ní sípíà nílẹ̀."

Télọ̀ ní kí ọmọ rẹ̀ jáde.

"Ẹ ò tíì lo èyí tí mo fún yín, ti ọmọ mi lẹ tún ń wá. Ojú ò tiẹ̀ tì yín!"

Látọjọ́ náà, ọwọ́ télọ̀ ni oògùn wà, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, Ọ̀gá ń sọdá títì wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Télọ̀ á dá máṣíìnì dúró, á já oògùn lé e lọ́wọ́ lójú gbogbo oníbàárà.

"Ẹ gbé e mì. Ẹ la ẹnu. Ẹ gbé ahọ́n sókè."

Àwọn oníbàárà á máa fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ẹyinjú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í funfun padà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Àbúrò mi, o mà fẹ́ràn mi o."

Télọ̀ ò tiẹ̀ wo ojú rẹ̀.

"Ta ló ń sọ tiyín? Tèmi tó wà níkùn yín ni mò ń tọ́jú. Ẹ la ẹnu."