Ìràwọ̀ Tí Kì Í Gbé Gbogbo Oúnjẹ Rẹ̀ Mì

Ọdún kẹta tí mo ti ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé ni mo wá ṣe Iléyá nílé, ní Èjìgbò. Aṣọ ọdún kún ṣọ́ọ̀bù bàbá mi tí wọ́n jẹ́ télọ̀, wọn ò ráyè tèmi. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ló gbà mí mọ́ra. Àbíjàn ni màmá yìí ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé wọn kí wọ́n tó padà wálé. Àtìéké, ẹ̀gẹ́ sísè tí àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn, ni wọ́n ń ṣe tà báyìí.

Iṣẹ́ mi ti sú mi nígbà yẹn. Nínú àwòrán ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tí mò ń wò lórí kọ̀ǹpútà, àwọn kòtò tín-ín-rín kan wà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti dín kù, tí mi ò mọ ohun tó gbé wọn débẹ̀. Mo ti gbà pé ẹ̀rọ tó ń ya ìràwọ̀ náà láti òfuurufú ló ní àbùkù. Ọ̀pọ̀ oṣù ni mo fi ń wá bí mo ṣe máa pa wọ́n rẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo délé, ọlọ́kadà kan já àpò ẹ̀gẹ́ méjì sílẹ̀ láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Èmi àti màmá jókòó, a ń bẹ ẹ̀gẹ́.

"Wọ́n ní ìràwọ̀ lò ń kà," ni wọ́n wí. "O ò tíì kà á tán?"

"Méjì péré ni mò ń wò, Màmá."

"Ọdún mẹ́ta, ìràwọ̀ méjì!"

Ẹ̀rín pa mí, mo bá ṣàlàyé. Mo ní àwọn ìràwọ̀ méjèèjì ń yí ara wọn po. Ọ̀kan ṣì ń jó dáadáa. Ìkejì ti kú, ó sì ti sún kì débi pé tí a bá gbé e síbí, kò ní fẹ̀ ju ìjọba ìbílẹ̀ wa lọ, síbẹ̀ ó wúwo ju oòrùn lọ. Òun ló ń fa ara èkejì rẹ̀ jẹ. Ohun tó ń fà náà á máa yí po bí omi tó ń wọ inú àrọ, á gbóná gan-an, á wá máa tan ìmọ́lẹ̀ ẹ́síréè, irú èyí tí wọ́n fi ń wo egungun ní ọsibítù.

"Ó sì ń gbé gbogbo ẹ̀ mì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Wọ́n gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Irọ́ ni. Gbé abọ́ yẹn, jẹ́ ká lọ."

Ibi ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń lọ ẹ̀gẹ́ la lọ. Mo sún mọ́ ẹnu ẹ̀rọ láti da ẹ̀gẹ́ sí i, ó sì tu omi funfun sí mi lójú, nímú, lára gèlè. Màmá ti dúró sí ọ̀ọ́kán, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

"Voilà! Ṣé o rí i? Ẹ̀rọ yìí ò lè yí tó ìràwọ̀ tìẹ, kò sì gbóná tó o. Ibo lèyí tó ń ta dànù níbi tìẹ ń gbà?"

Mo mọ̀ pé irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ dànù bó ṣe ń jẹun, mo ti kà á nínú ìwé. Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti pinnu pé tèmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò sì tún bi ara mi mọ́. Afẹ́fẹ́ tó bá ń sáré bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa á gba díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ náà mọ́ra, ibi tó bá ti gbà á ló ń di kòtò.

Mi ò tiẹ̀ nu ojú tán tí mo fi sáré délé. Mo gbé kọ̀ǹpútà lé tábìlì tí bàbá mi fi ń lọ aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù wọn tó wà níwájú ilé.

"Má jẹ́ kí ṣòkòtò oníṣòkòtò jóná o," ni wọ́n wí.

Mo wo àwòrán ìràwọ̀ mìíràn tí ẹ̀rọ kan náà yà: kò sí kòtò kankan. Mo wo èyí tí wọ́n ti ya tèmi tẹ́lẹ̀: àwọn kòtò náà wà níbẹ̀, lójú ibi kan náà. Ẹ̀rọ ò lábùkù rárá. Mo kígbe, bàbá mi fi abẹ́rẹ́ gún ara wọn lọ́wọ́.

Mo pe ọ̀gá mi ní yunifásítì. Mo ṣàlàyé ohun tí mo rí, wọ́n ní, "Fi ránṣẹ́ kíákíá. Ta ló là ọ́ lójú?"

"Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, sà. Wọ́n mú mi lọ lọ ẹ̀gẹ́."

Orí tí mo kọ lórí afẹ́fẹ́ yẹn nínú ìwé ìwádìí mi ni àwọn olùdánwò mi bi mí léèrè jù, mo sì yege. Nígbà tí mo gbé ìwé náà wálé, màmá ní kí n fi ibi tí mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn han àwọn. Lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n kó àwọn ọ̀rẹ́ wọn tí wọ́n jọ dé láti Àbíjàn jọ, wọ́n ń fi Yorùbá àti Faransé ṣàlàyé ìràwọ̀ fún wọn, wọn ò sì ṣì í sọ. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà wá béèrè bóyá gbogbo ìgbà ni afẹ́fẹ́ náà ń fẹ́ àbí ó ní àsìkò.

"Ìwọ," màmá pè mí láti ìta, "wá dáhùn, èyí ju tèmi lọ."

Mo fa àga jókòó láàárín wọn, mo ní ó jọ pé ó ní àsìkò, ṣùgbọ́n àwa náà ṣì ń wá a.