Erin Tí Bàbá Mi Gbẹ́ Kó Tó Rí Erin

Àga mẹ́ta ló wà ní pálọ̀ àwọn òbí mi ní Múṣin, erin kọ̀ọ̀kan ló sì wà lára ẹ̀yìn wọn. Bàbá mi ló gbẹ́ wọn. Iṣẹ́ kápíńtà ló fi tọ́ wa dàgbà, nínú ogójì ọdún tó sì fi ṣe é, kò sí àga tó jáde lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò ní erin lẹ́yìn, oníbàárà ì báà bẹ̀ ẹ́, ì báà má bẹ̀ ẹ́. Ìdílé ọdẹ ló ti wá, ní abúlé kan lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́. Erin ló kún inú oríkì wọn bámúbámú. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé bàbá mi fúnra rẹ̀ kò rí erin rí. Ó kéré nígbà tí wọ́n mú un wá sí Èkó, Ojúwòyè ló ti kọ́ṣẹ́, èmi ò sì tíì gbọ́ pé erin gba Ojúwòyè kọjá.

Màámi kì í fi ọ̀rọ̀ náà bò. “Ẹlẹ́dẹ̀ ni,” báyìí ló máa ń wí. “Ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ki páìpù omi bọ̀ lẹ́nu.” Tí àlejò bá wọlé, tó jókòó, tó wá yíjú wo ẹ̀yìn àga, á bi wá pé, “Ẹran wo lẹ gbẹ́ síbí?” Kí bàbá mi tó la ẹnu, Màámi á ti dáhùn. Bàbá mi á dìde, á ní òun fẹ́ lọ gba atẹ́gùn níta. Ìjà yẹn dàgbà jù mí lọ. Wọ́n ti ń jà á kí wọ́n tó bí mi.

Ní ọdún tó kọjá, bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í da tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. Ó ń forí gbá ilẹ̀kùn tí òun fúnra rẹ̀ kàn. Mo mú un lọ sí ọsibítù ní Ìdí-Àràbà, wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò fínnífínní, dókítà kan tí mo ju lọ́jọ́ orí ló wá fi pẹ̀lẹ́tù ṣàlàyé fún wa. Ojú náà ń kú láti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ wá sí àárín. Àárín nìkan ló kù fún un, bí ẹni tó ń yọjú wo ìta láti ojú ihò kọ́kọ́rọ́. “Bàbá, èyí tó ti lọ ti lọ o,” ni dókítà wí. “Oògùn tí ẹ ó máa kán sí i ló máa bá wa di èyí tó kù mú fúngbà díẹ̀.”

Bàbá mi ní, “Díẹ̀ yẹn ńkọ́, ó tó báwo?”

“Ó lè tó ọdún kan, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò lè búra fún yín, Bàbá.”

Mo mú bàbá mi pa dà sílé. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó fọwọ́ ti ilẹ̀kùn, ó ní, “Ẹ mú mi lọ wo erin.”

Mo rẹ́rìn-ín. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu mi. Ìgbà tí mo wo ojú rẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà.

Yábà lèmi ń gbé. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni kí n máa gbé fóònù àwọn oníbàárà tínú ń bí, kí n máa sọ pé “ẹ má bínú” láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Gbogbo sùúrù tí Ọlọ́run fún mi, ọ́fíìsì ló ń tán sí. Nígbà tí mo gba ìsinmi, ọmọkùnrin kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ na fóònù rẹ̀ sí mi, ó ní fídíò erin wà lọ́wọ́ òun, ṣé kí òun fi ránṣẹ́ sí Bàbá kí n lè fi ìsinmi mi sùn. Díẹ̀ ló kù kí n gé e jẹ. Bàbá mi ti rí erin nínú tẹlifíṣàn tipẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ nípa rẹ̀: “Erin tí kò tó ológbò, ṣé erin nìyẹn?”

A wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sókè Ọya, a tún wọ mọ́tò fún wákàtí mélòó kan kí a tó dé ọgbà ẹranko ìjọba kan tí ojú ò lè rí òpin rẹ̀. Màámi gbé búrẹ́dì mẹ́ta dání láti Múṣin. Mo ní, “Màámi, erin la fẹ́ lọ wò, a ò lọ kí aláìsàn.” Ó ní ta ló ń lọ sílé onílé lọ́wọ́ òfo. A ò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tán tí ọ̀bọ kan fi já búrẹ́dì kan gbà lọ́wọ́ rẹ̀, tó gun orí òrùlé lọ. Màámi dúró, ó ń wò ó bó ṣe ń jẹ ẹ́. “Kò tiẹ̀ dúpẹ́,” ló wí.

Ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n yàn fún wa jẹ́ ọmọ Ìlọrin, àgbà ọkùnrin tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Inú wa dùn pé a rí ẹni tó gbọ́ Yorùbá. Màámi kó búrẹ́dì méjì tó kù fún un, ó dúpẹ́, ó wá ka òfin kan ṣoṣo fún wa. “Ohun tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ má ṣáà sọ̀rọ̀. Ohùn èèyàn ni erin ń sá fún.” Ọjọ́ méjì péré la ní.

Màámi ní kò burú. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tá a gbéra láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, ó ti kí awakọ̀ kú iṣẹ́, ó ti kí àwọn tó ń gbálẹ̀ lẹ́nu géètì, ó ti juwọ́ sí àwọn òyìnbó kan tí ọkọ̀ wọn pàdé tiwa pé ẹ kú ìrìn o, ó sì ti bi ẹ̀ṣọ́ náà bóyá àwọn ọmọ rẹ̀ wà lálàáfíà. Tí mo bá fojú bá a wí, á ní, “Ìkíni náà wá di ọ̀rọ̀ sísọ?” A rí àgbọ̀nrín, ó sá lọ. Lẹ́yìn náà ni ìmàdò kan, ẹlẹ́dẹ̀ inú igbó, kọjá níwájú mọ́tò wa, ó gbé ìrù sókè ṣánṣán. Màámi já mi léèékánná nítan, ó fi ẹnu tọ́ka sí i. “Erin bàbá ẹ nìyẹn,” ló sọ sí mi létí. Bàbá mi gbọ́ ọ. Ojú ló ń dùn ún, etí rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan.

Nígbà tí oòrùn yọ dáadáa, ẹ̀ṣọ́ rí imí erin tó ṣì ń gbóná lójú ọ̀nà. Ó ní kí awakọ̀ dúró, kí àwa mẹ́ta sọ̀ kalẹ̀, kí a tẹ̀lé òun jẹ́jẹ́ lọ sí etí odò kan tí wọ́n ti máa ń mumi. A sá pamọ́ sẹ́yìn igi ńlá kan. Kò pẹ́ tí igbó fi ń dún lódìkejì odò, tí orí erin kan yọ láàárín ewé, tó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bàbá mi wà lẹ́yìn, igi ti dí i lójú. Mo yára pa dà kí n lọ fà á lọ́wọ́. Gbòǹgbò igi kan kọ́ mi lẹ́sẹ̀, mo dojú bolẹ̀ gbàà.

“Pẹ̀lẹ́ o!”

Ẹnu mẹ́ta ló ti jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Màámi pariwo ẹ̀, bàbá mi pariwo ẹ̀, ẹ̀ṣọ́ tó ṣòfin ló tiẹ̀ pariwo jù. Ta ni Yorùbá bí, tó máa rí ẹni tó ṣubú, tó máa panu mọ́? Jìnnìjìnnì bá erin náà. Ó yí ìdí pa dà, igbó dún wàràwàrà. Nígbà tí mo fi máa gbójú sókè, ewé nìkan ló ń mì.

Inú bí mi. Iyanrìn ṣì wà lẹ́nu mi tí mo fi ń sọ pé, “Ta ló ní kẹ́ ẹ kí mi? Ta ló bẹ̀ yín?”

“Kí n wá máa wò ẹ́?” Màámi náà gbaná jẹ. “Ọmọ tí mo bí ṣubú, kí n máa wò ó bí ẹni ń wo sinimá?”

Ẹ̀ṣọ́ ti fọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ojú ń tì í. Ó sún mọ́ bàbá mi. “Bàbá, ṣé ẹ rí i?”

“Mo rí nǹkan dúdú kan fìrí.”

“Áà, òun náà nìyẹn! Ẹ ti rí erin nìyẹn, Bàbá!”

Bàbá mi mi orí. “Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí,” ló wí. “Ẹ má jẹ́ kí n lọ parọ́ fún àwọn bàbá mi lọ́run.” Ó yípo, ó ń táràrà lọ sídìí mọ́tò. A tún jáde lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, erin kankan ò yọjú. Màámi ò sì dárúkọ ẹlẹ́dẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìyẹn gan-an ló kó jìnnìjìnnì bá mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tó jẹ́ àṣekágbá, Màámi fi ìborùn so ẹnu ara rẹ̀ kó tó wọ mọ́tò. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Èmi bọ́ bàtà. Ẹ̀ṣọ́ wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, “Ẹni tó bá ṣubú lónìí, ẹ jẹ́ kó wà nílẹ̀ níbẹ̀.” Bàbá mi la fi ṣíwájú lọ́tẹ̀ yìí. A dúró létí odò náà títí ẹsẹ̀ fi ń ro wá.

Wọ́n wá. Mẹ́rin ni wọ́n, ìyá mẹ́ta àti ọmọ kan, wọ́n rọra jáde láti inú igbó bí ẹni tó ń bọ̀ nílé ara rẹ̀. Omijé bọ́ lójú mi. Mo yíjú wo bàbá mi, mo rí i pé ó ń mi orí, pé ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n apá òsì ló kọjú sí. Òkìtì ọ̀gán kan ló ń wò. Ó tóbi, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó dúró jẹ́ẹ́, bàbá mi sì ń fi tọkàntọkàn yọ̀ mọ́ ọn.

Mi ò mọ ohun tí mo máa ṣe. Tí mo bá la ẹnu, wọ́n á sá. Tí mo bá dákẹ́, ọ̀gán ni bàbá mi máa rí lọ sílé. Mo rìn dé ẹ̀yìn rẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì di orí rẹ̀ mú, bí onígbàjámọ̀ ṣe máa ń di orí ọmọdé mú. Mi ò di orí bàbá mi mú bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo rọra ń yí i sọ́tùn-ún títí mo fi mọ̀ ọ́n lára pé èémí rẹ̀ dúró.

Kò lè rí gbogbo erin náà pọ̀. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ rí. Mo gbé orí rẹ̀ sókè díẹ̀, ó rí ikùn. Mo tún gbé e, ó rí etí. Erin náà fẹ etí ọ̀hún fẹ̀ẹ̀, bàbá mi sì na ọwọ́ síwájú, ó ya àwọn ìka rẹ̀, ó ń wọ̀n ọ́n bó ṣe máa ń wọn pákó. A dúró síbi etí yẹn pẹ́. Ọwọ́jà la fi parí rẹ̀, imú gígùn rẹ̀ yẹn, a tẹ̀ lé e láti òkè dé inú omi.

Ìgbà yẹn ni ọmọ erin yọ̀ nínú ẹrẹ̀, tó fìdí jókòó pọ̀ọ̀. Mo rí i bí àyà Màámi ṣe wú. Mo rí i pé “pẹ̀lẹ́” ti dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dì mọ́ ìborùn tó so mọ́ ẹnu, ojú rẹ̀ pọ́n, omi ń jáde níbẹ̀, títí ọmọ erin náà fi dìde. Wọ́n mumi tán, wọ́n bá tiwọn lọ.

Bàbá mi mí kanlẹ̀. Ó ní, “Etí. Mo gbẹ́ etí ẹ̀ kéré jù.” Ó tún ya àwọn ìka rẹ̀ wò. “Ogójì ọdún, kò sẹ́ni tó sọ fún mi.”

Màámi já ìborùn kúrò lẹ́nu. “Ẹ ẹ̀ gbọ́! Ẹ ẹ̀ gbọ́ nǹkan! Kí ni mo ń sọ látọjọ́ yìí?”

Nígbà tí a pa dà sí Múṣin, bàbá mi ní kí n bá òun wá igi arère kan tó gùn tó apá. Ó jókòó sí bàráńdà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ. Gbogbo Sátidé tí mo bá ti Yábà wá, ó ń fọwọ́ wò ó ju bó ṣe ń fojú wò ó lọ. Màámi ń bínú pé èérún igi kún ilé, òun náà ló sì ń fi aṣọ di àtàǹpàkò rẹ̀ nígbà tí irin gé e. Ihò kọ́kọ́rọ́ yẹn ń kéré sí i. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí.

Lọ́jọ́ tó parí rẹ̀, ó pè wá sí pálọ̀, ó gbé e lé orí tábìlì. Ó ní, “Ìyá ọmọ mi, kí nìyí?”

Mo wò ó. Kí n má purọ́, ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ló ní. Ikùn ẹlẹ́dẹ̀ ni. Ọwọ́jà rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí páìpù omi tá a mọ̀. Àmọ́ etí méjèèjì ńkọ́? Wọ́n fẹ̀ bí ewé kókò, wọ́n fẹ́lẹ́, ó dà bíi pé wọ́n máa tó fẹ́ atẹ́gùn sí wa. Mo wo Màámi. Mò ń fi ojú bẹ̀ ẹ́ pé lónìí nìkan, ẹ jọ̀ọ́, lónìí nìkan.

Bàbá mi ń retí èsì. Ó rò pé Màámi ló kọjú sí, ògiri ló kọjú sí. Màámi rí i. Ó dìde, ó rìn lọ bá a, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí rẹ̀ mú, ó sì rọra yí i títí ojú wọn fi kan ara wọn.

“Bí a bá rí erin,” ni Màámi wí, “ká sọ pé a rí erin.”