Bokdan àti Ìrù Ọ̀rọ̀

Àwọn ará Solmoe, abúlé kan létí òkun Haenam, kì í sábà yin ènìyàn lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kan Seonu Bokdan, wọ́n á ní obìnrin náà mọ bí a ti ń mú ilé dúró. Opó ni. Giseop, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ṣì kéré nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, oko kábéèjì àti ààyù ló sì fi tọ́ ọ dàgbà. Afẹ́fẹ́ òkun Haenam kì í ṣàánú ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò bá le kò lè dá oko níbẹ̀. Bokdan le, àmọ́ líle rẹ̀ kì í ṣe ti ẹnu.

Láti erékùṣù ni wọ́n ti gbé e níyàwó wá. Nígbà tó dé, àwọn obìnrin abúlé a máa fi ohùn rẹ̀ ṣẹ̀sín, wọ́n á ní ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ìgbì òkun dà sí lẹ́nu, ìyá ọkọ rẹ̀ a sì máa bá wọn rẹ́rìn-ín. Kò gbàgbé. Nígbà tí Giseop fẹ́ Nhàn wá láti Vietnam, tí àwọn ènìyàn ń bi Bokdan léèrè bí yóò ti máa bá ìyàwó tí kò gbọ́ èdè gbé, ohun tó sọ fún wọn kò ju pé òun náà kò gbọ́ èdè nígbà tí òun dé.

Ọmọ àgbẹ̀ onírẹsì ni Nhàn. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ ni kò tíì yá. Kò pẹ́ tó fi mọ orúkọ nǹkan: ọ̀bẹ, iyọ̀, kábéèjì, igi. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn orúkọ nǹkan bí ìrù ló ń sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní bútọ̀, òun ló ń fi ibi tí nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ hàn. Òmíràn ni kájì, ìyẹn ń fi ibi tó parí sí hàn. Àwọn àgbà Solmoe kì í tilẹ̀ pe irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde tán kí wọ́n tó gbé e mì.

Nígbà tí òtútù ọdún àkọ́kọ́ Nhàn bẹ̀rẹ̀ sí í mú, tí olúkúlùkù ń múra láti ṣe kimchi, kábéèjì oníyọ̀ tí wọn yóò jẹ di ìgbà ìrúwé, Bokdan fẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn nítorí orúnkún rẹ̀. Bó ti ń sáré lọ bá bọ́ọ̀sì, ó nawọ́ sí igi eléso kan tí wọ́n ń pè ní gam, tó dá dúró láàárín oko, ó ní kí ìyàwó máa gé kábéèjì, igi gam bútọ̀. Ohun tó ní lọ́kàn ni pé kó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí igi náà, kó máa lọ sí ìhà odò. Nhàn gbọ́ gé, ó gbọ́ igi, kò gbọ́ ìrù. Ó rò pé kí òun gé e dé ìdí igi ni. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀bá títì, kò sì gbórí sókè títí ó fi dé ìdí igi gam.

Tak Malsun, aládùúgbò wọn, ló ni gbogbo kábéèjì tó wà láàárín títì àti igi náà.

Nígbà tí Bokdan sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, Nhàn dúró síbẹ̀ tòun ti ọ̀bẹ, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń retí kí wọ́n kí òun kú iṣẹ́. Malsun náà ti ń bọ̀ láti ilé.

“Bokdan, ìyàwó rẹ ti fá oko mi bí ẹni fá orí ọmọ tuntun,” ni Malsun wí. “Mo ní kí òtútù mú un kó lè dùn. Ta ló rán an níṣẹ́?”

“Èmi ni. Èmi ni mo gbé ìrù ọ̀rọ̀ mì, má bi í,” ni Bokdan dáhùn. “Láti ìdí igi yẹn lọ títí dé etí odò, ìwọ lo ni ín lọ́dún yìí. Jẹ́ kí òtútù mú un bó ṣe wù ọ́ kó o tó gé e.”

Gbogbo oko Bokdan nìyẹn. Malsun wò ó, ó wo ilẹ̀, ẹnu rẹ̀ rọ̀. Ó wá béèrè ẹni tí yóò rẹ gbogbo kábéèjì tó wà nílẹ̀ yìí sínú omi iyọ̀ kó tó rọ. Bokdan ní àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni. Malsun ráhùn, ó ráhùn, ó sì lọ gbé agbada tirẹ̀ wá.

Nhàn ti mọ̀ nígbà náà pé òun ti ṣe ohun tí kò dára. Kò jẹun. Bokdan jókòó tì í, kò bá a wí. Ìbéèrè ló bi í.

“Ìyàwó, tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ pé láti ibí dé ọ̀hún nílé yín, báwo lẹ ṣe ń sọ ọ́?”

Nhàn ronú, ó fọwọ́ kan ìkòkò ìrẹsì, ó ní “từ”, ó sì pe orúkọ ìkòkò. Ó na ìka sí ilẹ̀kùn, ó ní “đến”, ó sì pe orúkọ ilẹ̀kùn. Bokdan ní kó tún un sọ, ó tẹ́tí sílẹ̀ bí ẹni tó ń wá ibi tí ilé ti ń jò. Ó wá yé e. Ní ti àwọn Nhàn, ọ̀rọ̀ náà ló ń ṣíwájú, bí àwa Yorùbá náà ti ń sọ pé láti Ìwó dé Ẹdẹ. Ní Haenam, ẹ̀yìn ló ń wà.

“Áà, iwájú lo dúró sí tó ò ń retí mi,” ni Bokdan wí, “ẹ̀yìn sì ni mo ń gbà wọlé.”

Láti ọjọ́ náà ni obìnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tó ti ń gbé ìparí ọ̀rọ̀ mì láti kékeré, bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ bí ẹni to ṣíbí sórí tábìlì. Yóò gbá igi gam lára, yóò ní igi bútọ̀; yóò rìn dé etí omi tòun ti orúnkún tó ń dùn ún, yóò ní odò kájì. Giseop ní màmá òun ti ń sọ̀rọ̀ bí oníròyìn rédíò. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bokdan pe Nhàn láti inú oko, ó ní oúnjẹ bútọ̀. Nhàn dúró, ó ń wò ó.

“Màmá, láti orí oúnjẹ dé ibo?”

Bokdan rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. “Ká kọ́kọ́ jẹun ná ni mò ń wí. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ọmọ mi, ó kàn ń ṣe iṣẹ́ méjì.”

Lọ́jọ́ ìrántí bàbá Giseop, ẹ̀gbọ́n bàbá náà obìnrin wá láti ìlú Gwangju. Ó béèrè bí àwọn ará ilé ti pọ̀ tó báyìí. Bokdan ní, “Giseop bútọ̀, Nhàn kájì.” Ìyẹn ni pé láti orí Giseop dé orí Nhàn. Ẹ̀gbọ́n béèrè àwọn tó wà láàárín. Bokdan ní wọ́n ń bọ̀ lọ́nà, kí ẹ̀gbọ́n máa jẹun ná. Nhàn wà nínú ilé ìdáná, kò sí ìrù kan tó bọ́ sọnù létí rẹ̀. Ó gbé abọ́ dání, kò tètè gbé e jáde.

Nhàn bí ọmọbìnrin kan lọ́dún kejì. Nígbà tí ọmọ náà ń rìn, gbogbo wọn lọ sí ilé àwọn Nhàn ní Vietnam. Nínú bàálù, Bokdan dijú, ètè rẹ̀ ń mì. Giseop rò pé ẹ̀rù ń bà á. Wọ́n dé àgbàlá, ìyá Nhàn jáde, Bokdan tẹ̀ríba fún un, ó sì sọ ohun tó ti ń kọ́ bọ̀ lójú ọ̀nà: “Từ Haenam đến đây.” Láti Haenam dé ibí.

Ìyá Nhàn dì í lọ́wọ́ mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀jò ọ̀rọ̀. Bokdan kò gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀. Ó ń mi orí, ó ń jẹ máńgòrò tí wọ́n gé fún un, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún òun.