Ìyá Ṣàrífátù àti Àwọn Abólọ́rùn Rẹ̀

Ní àdúgbò Gbégamey ní Kútọnu, bí wọ́n bá dárúkọ Ìyá Ṣàrífátù, ará Pobè tó ti lọ sọ́run, ọjọ́ tó so aṣọ mọ́ adìẹ lọ́rùn ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ. Abólọ́rùn ni gbogbo adìẹ rẹ̀, irú èyí tí kò ní ìyẹ́ lọ́rùn rárá. Ó ní ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà bá wọn. Ṣàrífátù ọmọ rẹ̀, akọ̀wé ní Ganhi láàárín ìlú, ń retí ọ̀gá rẹ̀ obìnrin nílé lọ́jọ́ Àìkú kan.

"Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá nǹkan ṣe sí àwọn adìẹ yìí. Ọrùn wọn ń tì mí lójú."

Ìyá ní òun ti gbọ́. Nígbà tí ọ̀gá jókòó tán, adìẹ márùn-ún tò jáde láti ẹ̀yìnkùlé, àjákù àǹkárá lọ́rùn oníkálukú. Ọ̀gá fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín pa ara rẹ̀. Ṣàrífátù ń wá ibi tí ilẹ̀ ti lanu kó gbé òun mì.

"Ṣé ọrùn wọn lo ní ó ń tì ọ́ lójú?" ni ìyá rẹ̀ wí. "Mo ti bò ó."

Bí Ìyá bá lọ ra adìẹ lọ́jà, kì í wo ẹwà, kì í wo ìtóbi. Yóò gbé e síwájú oòrùn ọ̀sán, yóò dúró tì í. Èyí tó bá kọ́kọ́ la ẹnu tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, kò ní rà á. Lọ́jọ́ kan ó dúró títí, ọkùnrin aládìẹ fúnra rẹ̀ la ẹnu, ó ń mí gúlegúle. Ìyá wò ó tàánútàánú: "Ìwọ náà, n kò lè rà ọ́."

Ìtìjú ọjọ́ Àìkú yẹn ló gbé Ṣàrífátù dé oko adìẹ kan ní Calavi, ìtòsí Kútọnu. Ó ra adìẹ òyìnbó mẹ́fà, funfun báláú, ìyẹ́ bò wọ́n dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ìyá rẹ̀ yí wọn ká, ó mi orí.

"Wọ́n lẹ́wà. Ṣùgbọ́n ẹ̀wù òtútù ni wọ́n wọ̀ wá sí Kútọnu."

"Ìyá mi, ayé ti lajú."

Lọ́jọ́ kan nínú ooru oṣù kẹta, méjì nínú wọn ti kú kí Ṣàrífátù tó ti ibi iṣẹ́ dé. Mẹ́rin yòókù wà ní yàrá ìyá rẹ̀, lábẹ́ abẹ̀bẹ̀ oníná, aṣọ tútù lára wọn. Ìyá alára jókòó síta, ó ń làágùn. Àwọn aládùúgbò ti pé jọ. Kí ẹnikẹ́ni tó bi Ṣàrífátù léèrè, ìyá rẹ̀ ti dáhùn.

"Ẹ̀bi mi ni. Mo gbàgbé láti bu omi fún wọn."

Ṣàrífátù rí abọ́ omi nílẹ̀, ó kún dẹ́nu. Ó mọ̀ pé òun lòun kó adìẹ ilẹ̀ òtútù wá sínú ooru. Síbẹ̀ ó dákẹ́. Ọ̀rọ̀ náà lẹ̀ mọ́ ìyá rẹ̀ lára títí ó fi kú: arúgbó tó fi òùngbẹ pa adìẹ ọmọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ àdúrà ogójì ọjọ́ ikú rẹ̀, wọ́n ń sọ ìtàn rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan dé ibi òùngbẹ. Ṣàrífátù gbé àwo ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Irọ́ ni. Omi wà níbẹ̀. Èmi ni mi ò gbọ́ràn, mo sì jẹ́ kí ìyá mi ru ẹ̀bi mi." Kò lè gbé ojú sókè.

Bàbá Búrẹ́mọ̀, tí ògiri ló pààlà ilé wọn, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"A mọ̀, ọmọ mi. Èmi ni mo bá a pọn omi tó fi rẹ aṣọ yẹn. Ó bẹ̀ wá pé ká má jẹ́ kí o mọ̀ pé a mọ̀, torí ojú máa ń tètè tì ọ́."

Ẹ̀rín bú jáde. Ṣàrífátù náà rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí àlejò lọ tán, ó bọ́ sẹ́yìnkùlé, ó da àgbàdo sílẹ̀ fún àwọn abólọ́rùn, ó sì kúnlẹ̀ síwájú wọn.

"Ẹ kú ará-fẹ́-ra-kù," ló wí fún wọn.